Ilé Ọba Tó Jó: Ọ̀pá Púùlù Àtijọ́ àti Ìbéèrè Ojúlówó

Ọ̀pá púùlù tí George Balabushka ṣe ní Brooklyn, ní ìlú New York, máa ń tú sí méjì. Apá ìdí ló wúwo, ibẹ̀ náà ni ọ̀ṣọ́ wà. Apá iwájú jẹ́ igi maple tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 13, tí awọ pélébé kan sì lẹ̀ mọ́ ọn níbi tó ti ń kan bọ́ọ̀lù. Oríkèé irin ló so méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá tò ó tán, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 57 tàbí 58. Ohun ìṣeré ni. Irú rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn nídìí tábìlì snooker ní Mushin tàbí ní Ìbàdàn, tí kò sí ẹni tó ń béèrè pé ta ló gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn olùkójọ ní Amẹ́ríkà ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lórí ọ̀pá Balabushka kan ṣoṣo, kí wọ́n sì tó na ọwọ́ sápò, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀: ṣé òun ló ṣe é lóòótọ́, ṣé ó ṣì rí bó ṣe ṣe é, èló sì ni? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tipẹ́. Ọkọ̀ ojú omi, bàtà àti òkú ènìyàn ni tiwọn dá lé lórí, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni.

Yorùbá ní ìdáhùn kan tó yá lẹ́nu: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn ènìyàn máa ń fi òwe yìí tu ẹni tó pàdánù nínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀ tí wọn kì í sábà yà sọ́tọ̀. Èkíní ni pé ohun tuntun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn iná dára ju ti àtijọ́ lọ. Èkejì, tí òwe náà kò tilẹ̀ dá dúró láti sọ, ni pé ilé tuntun ọ̀hún ṣì jẹ́ ilé ọba. Ògiri tuntun, òrùlé tuntun, òpó tuntun, síbẹ̀ ààfin kan náà ni, nítorí ọba kan náà ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi òwe yìí yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀pá púùlù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ ọba nínú rẹ̀. Ṣé igi ni, àbí ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ, àbí orúkọ?

Ní Rọ́ṣíà ni wọ́n bí Balabushka ní ọdún 1912. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1924, iṣẹ́ igi ló sì fi jẹun. Ní 1959 ló bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọ̀pá púùlù, kò sì dẹwọ́ títí tó fi kú ní 1975. Àwọn tó ń tọpasẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fojú bu iye ọ̀pá tó ṣe sí ẹgbẹ̀rún kan sí 1,200. Kò pọ̀ rárá fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ọ̀wọ́n náà sì wà lára ohun tó gbé iye rẹ̀ sókè. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà máa ń fi í wé Stradivari tó ń ṣe fayolíìnì ní Ítálì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí ni pé nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òun ló gbẹ́ igi iwájú ìdí ọ̀pá náà, níbi tí ṣóńṣó mẹ́rin aláwọ̀ ti yọ bí ọ̀bẹ látinú igi dúdú wọnú igi funfun. Ọ̀pá Titlist ti ilé-iṣẹ́ Brunswick, tí wọ́n tò sí ara ògiri ilé eré fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ni ó ń gé, tó ń tún dá. Nígbà tó yá, ó ń ra igi tí Burton Spain ti so ní Chicago, lẹ́yìn náà ti Gus Szamboti ní Pennsylvania. Okùn ọ̀gbọ̀ ilẹ̀ Ireland tó ń wé mọ́ ibi ìdìmú wá láti ilé-iṣẹ́ Cortland, tí ń ṣe okùn ìpẹja. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ọ̀pá tí wọ́n ń fi orúkọ ẹnì kan pè yìí, ọwọ́ bíi mẹ́rin ló wà lára rẹ̀.

Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì àtijọ́, ti sọ pé ohun mẹ́rin ni a lè fi dáhùn bí ẹnìkan bá béèrè ìdí tí nǹkan fi jẹ́ ohun tó jẹ́: ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìrísí rẹ̀, ẹni tó ṣe é, àti ohun tí wọ́n ṣe é fún. Bí igi bá jẹ́ ọba, Brunswick ló ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀pá ìbẹ̀rẹ̀ Balabushka. Bí ìrísí bá jẹ́ ọba, Spain àti Szamboti ní ìpín tó pọ̀. Kò sí olùkójọ tó gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń san owó lé lórí ni ọwọ́ tó yan igi yìí tó fi tọ̀hún sílẹ̀, tó mọ bí ìdí yóò ṣe wúwo tó sí iwájú, tó fi oríkèé irin pàdé igi láìsí àlàfo. Ẹni tó se ọbẹ̀ ló ni ọbẹ̀, bí kò tilẹ̀ gbin ata. Èyí tọ́, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ tí àwọn olùkójọ kì í fẹ́ gbọ́. Ọ̀pá Titlist tí ayùn Balabushka gé, ojúlówó nǹkan ni òun náà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọkún rẹ̀. Bí káfíńtà kan bá fi ayùn kan náà gé ọ̀pá Balabushka lónìí láti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, wọ́n á pè é ní abanǹkanjẹ́. Ayùn kò yàtọ̀, igi kò yàtọ̀. Ipò tí ìtàn fi ẹni tó di ayùn mú sí ló yàtọ̀, a kò sì lè mọ ipò yẹn nípa wíwo igi nìkan.

Ìdí nìyí tí dídá ọ̀pá mọ̀ fi le. Kì í ṣe gbogbo ọ̀pá Balabushka ló ní orúkọ lára, nítorí náà àmì ni wọ́n ń wò. Wọ́n á tú oríkèé, wọ́n á wo ìdè irin inú rẹ̀: ìdè tó fẹ̀ tó ìdá márùn-ún nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì, tó ní ìlà yíyí mẹ́rìnlá nínú ínǹṣì kan, ni èyí tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á wo àwọ̀ àwọn pẹlẹbẹ igi tó yí ṣóńṣó ká, òrùka rọ́bà líle tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ibi ìdìmú, àti bí ṣóńṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ga dọ́gba sí. Iná àrà-ọ̀tọ̀ tí ojú kì í rí wúlò níbẹ̀ pẹ̀lú: eyín erin máa ń tàn funfun lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ rọ́bà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, fánísì tuntun sì máa ń yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Lẹ́yìn èyí ni ìwé: rísíìtì, lẹ́tà, fọ́tò ẹni tó kọ́kọ́ rà á níbi tó dì í mú. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì ara igi tí gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọṣẹ́ kò lè fara wé. Ìwé nìkan ló ń sọ ohun tí igi kò lè sọ fúnra rẹ̀, ìwé náà kò sì kọjá kí ẹnìkan kọ ọ́ ní irọ́.

Nelson Goodman, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1968 pé iṣẹ́ ọnà pín sí oríṣi méjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orin wà nínú èkíní: ẹnikẹ́ni tó bá lù ú bó ṣe wà nínú ìwé ti lu orin náà gan-an, kò sí ayédèrú níbẹ̀. Àwòrán wà nínú èkejì: bó ti wù kí àdàkọ dára tó, kì í ṣe àwòrán ọ̀hún, nítorí ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe é wà lára ohun tó jẹ́. Ọ̀pá púùlù fẹsẹ̀ sí ibi méjèèjì. Nídìí tábìlì, orin ni: ọ̀pá mìíràn tó wúwo bákan náà, tó sì gún bákan náà, yóò gbá bọ́ọ̀lù bákan náà, bọ́ọ̀lù kò mọ Balabushka. Nínú àpótí olùkójọ, àwòrán ni.

Fíìmù The Color of Money, tí Martin Scorsese darí, tó jáde ní 1986, fi èyí hàn lọ́nà tó pa ni lẹ́rìn-ín. Nínú ìtàn fíìmù náà, ọ̀pá Balabushka ni ẹni tí Paul Newman ṣe fi ta ọ̀dọ́kùnrin tí Tom Cruise ṣe lọ́rẹ. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe Balabushka rárá. Ilé-iṣẹ́ Joss ló ṣe é, ọ̀kan lára èyí tó ń tà fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé wọn kò fẹ́ kí ojúlówó fọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ya fíìmù. Fíìmù náà sọ orúkọ Balabushka di ohun tí àwọn tí kò gbá púùlù rí mọ̀, iye ojúlówó sì gòkè. Àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀pá Joss náà fúnra rẹ̀, nítorí òun ni ó wà nínú fíìmù. Arọ́pò di gbajúmọ̀. Kì í ṣe ayédèrú, nítorí kò sí ẹni tó ta á ní orúkọ ohun tí kò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀pá tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ikú Balabushka, tí wọ́n gba àṣẹ láti fi orúkọ rẹ̀ sí. Ayédèrú kò túmọ̀ sí ohun tí kò dára. Ohun tó ń purọ́ nípa ibi tó ti wá ni.

Ṣùgbọ́n ojúlówó náà kì í dúró bó ṣe wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Ọ̀pá púùlù jẹ́ ohun tí lílò ń jẹ. Awọ ẹnu rẹ̀ ń tẹ́, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́, kò sì sí ẹni tó tíì sọ pé ọ̀pá ti di mìíràn nítorí awọ. Òrùka funfun tó wà nídìí awọ máa ń là. Ẹ̀fun aláwọ̀ búlúù àti òógùn máa ń mú kí igi iwájú dọ̀tí. Agbábọ́ọ̀lù á fi sáńpépà fá a, á sì máa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lọ́dọọdún. Okùn ọ̀gbọ̀ ibi ìdìmú á dúdú. Fánísì á pọ́n, á sì sán. Bí ọ̀pá bá wà nínú bọ́ọ̀tì ọkọ̀ nígbà ooru tàbí nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé tó ń rin, igi iwájú á wọ́. Ọ̀pá tó bá ti lo ọgọ́ta ọdún, tí kò sì ní nǹkan kan tí wọ́n pààrọ̀, ọ̀pá tí kò ṣiṣẹ́ rí ni.

Plutarch, òǹkọ̀wé ará Gíríìsì àtijọ́, ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Áténì tọ́jú ọkọ̀ ojú omi Theseus, akọni inú ìtàn wọn, fún ìran púpọ̀, tí wọ́n ń yọ pákó tó bá jẹrà, tí wọ́n sì ń fi tuntun sí i, títí ọkọ̀ náà fi di ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń fi jiyàn. Apá kan ní òun náà ni, apá kejì ní òun kọ́. Thomas Hobbes, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, fi tirẹ̀ kún un ní 1655: bí ẹnìkan bá ń kó gbogbo pákó àtijọ́ tí wọ́n yọ, tó sì tò wọ́n padà di ọkọ̀, èwo nínú méjèèjì ni ọkọ̀ Theseus? Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń rò pé àlá ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Nídìí ọ̀pá púùlù, òwò ni. Níwọ̀n bí ọ̀pá ti ń tú sí méjì, oníṣòwò lè rí ìdí Balabushka kan tí iwájú rẹ̀ ti sọnù, kó sì rí iwájú mìíràn tí Balabushka ṣe fún ìdí tí ó ti bàjẹ́. Bí ó bá yí wọn pọ̀, gbogbo rẹ̀ pátá ni ọwọ́ Balabushka, síbẹ̀ Balabushka kò ṣe ọ̀pá yẹn rí.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Áfíríkà ti àríwá, ti bá irú rẹ̀ jà nínú ọ̀ràn ẹ̀sìn. Ní ìparí ìwé rẹ̀ nípa Ìlú Ọlọ́run, ó gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò tí àwọn alátakò fi ń fi àjíǹde ṣe yẹ̀yẹ́: bí ebi bá mú ènìyàn jẹ ẹran ara ẹlòmíràn, tí ẹran náà sì di ara rẹ̀, ta ni yóò ni ín lọ́jọ́ àjíǹde? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ni wọn yóò dá a padà fún. Ẹni kejì yá a lò ni. Àwọn olùkójọ tí kò ka ìwé náà rí ń lo òfin kan náà. Igi iwájú tí a kò ṣe pẹ̀lú ìdí rẹ̀, àlejò ni, wọ́n sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dá owó lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan náà ló gbẹ́ méjèèjì.

Bí a bá wò ó dáadáa, kò sí ẹni tó ń ka iye ohun tí wọ́n pààrọ̀. Awọ lè yí padà nígbà ọgọ́rùn-ún. Ínǹṣì kan tí wọ́n gé kúrò nínú igi ṣóńṣó mẹ́rin ti pọ̀ jù. Onílù mọ èyí. Awọ dùndún á ya, osán á já, wọ́n á tún un ṣe, ìlù bàbá rẹ̀ náà ni. Bí igi rẹ̀ bá là, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Balabushka fúnra rẹ̀ ṣe ọ̀pá rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé awọ yóò tán, okùn yóò gbó. Pípààrọ̀ wọn wà nínú ohun tó ní lọ́kàn. Okùn tuntun ṣeé tú lọ́la. Sáńpépà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìdí ọ̀pá sórí ẹ̀rọ ayígi, tó fi sáńpépà fá fánísì àtijọ́ kúrò, tó sì bá a fá díẹ̀ nínú igi, ti mú ohun tí kò lè dá padà. Igi á rẹlẹ̀ sí òrùka irin tó wà létí rẹ̀, ṣóńṣó tí Balabushka fi ojú wọ̀n títí wọ́n fi dọ́gba á yí ìrísí padà. Ọ̀pá náà á dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tó ṣe kókó nínú àtúnṣe kò sí láàárín púpọ̀ àti díẹ̀; ó wà láàárín ohun tó ṣeé dá padà àti ohun tí kò ṣeé dá padà.

John Ruskin, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ ní 1849 pé irọ́ pátápátá ni àtúnṣe ilé àtijọ́: ohun tí ọwọ́ òkú ṣe kò lè tọwọ́ alààyè jáde. Ó le jù. Bí a bá tẹ̀ lé e, ọ̀pá tó wọ́ yóò máa wọ́ lọ títí yóò fi di igi ìdáná. Cesare Brandi, ará Ítálì tó ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ àtúnṣe ní Róòmù, kọ ìwé tirẹ̀ ní 1963, ó sì rí ọ̀nà àárín: kí àtúnṣe má ṣe ba ojú jẹ́ lókèèrè, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá sún mọ́ ọn rí ibi tí ọwọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà ọ̀pá púùlù fẹ́ ìdàkejì. Oníbàárà ń fẹ́ àtúnṣe tí ojú kankan kò lè rí, wọ́n sì ń yin atúnṣe tó bá lè ṣe é. Ewu sì wà níbẹ̀ gan-an, nítorí atúnṣe tí kò mọṣẹ́ kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀gá nínú wọn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í hàn, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ọwọ́ Balabushka, tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì máa yin òun ní orúkọ ẹlòmíràn.

Ẹnìkan lè ní àṣà àwọn aláwọ̀ funfun lèyí, pé Yorùbá kò ka ọwọ́ àtijọ́ sí tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ eégún jẹ́rìí sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, aṣọ tuntun ni wọ́n ń rán mọ́ agọ̀ eégún bí ọdún ṣe ń yí po, ti àtijọ́ á sì wà nísàlẹ̀, tí ọwọ́ ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin á fi wà lára ohun kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó ń sọ pé eégún ti di mìíràn. Ẹwà ló bù sí i. Ní Ise, ní Japan, wọ́n ti ń wó ojúbọ òrìṣà Amaterasu, wọ́n sì ń tún un kọ́ pẹ̀lú igi tuntun lẹ́yìn ogún ọdún ogún ọdún, láti ọdún 690. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti 2013. Ojúbọ àtijọ́ ni àwọn ará Japan ń pè é, òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Ṣùgbọ́n àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí kò ran ẹni tó fẹ́ fá ọ̀pá Balabushka lọ́wọ́. Ará ọ̀run ló ń gbé inú agọ̀ eégún, ó sì ń wá lọ́dọọdún. Amaterasu, lójú àwọn tó ń bọ ọ́, kò kúrò ní Ise. Ọba wà nílé, nítorí náà ilé lè jó. Nínú ọ̀pá púùlù, ọba ti wàjà ní 1975, kò sì sí ayẹyẹ kankan tó lè pè é padà. Ohun tó kù nínú ilé rẹ̀ ni ipa tí irinṣẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ lára igi: bí ó ṣe gé e, bí ó ṣe tò ó, ibi tí ó dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá fá ìyẹn lọ, ilé á dán, ṣùgbọ́n ọba kò sí níbẹ̀ mọ́. Òwe náà kò parọ́. Kò kàn sọ̀rọ̀ nípa ilé tí ọba rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dá alààyè mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ iye. Yorùbá ya iye sọ́tọ̀ kúrò lára iyì. Iye ni ohun tí a lè kà, iyì ni ohun tí a ń bu fún ènìyàn tàbí nǹkan. Aristotle, nínú ìwé rẹ̀ nípa ìṣèlú, fi bàtà ṣe àpẹẹrẹ pé ohun kan ní ìlò méjì: a lè wọ̀ ọ́, a sì lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Nínú ọ̀pá tó ṣọ̀wọ́n, ìlò kejì ti gbé èkíní mì. Kíkan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ń dín owó rẹ̀ kù, nítorí náà ó wà nínú àpótí. Ohun tí wọ́n ń kà níbẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú bí ó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù: ọ̀ṣọ́ tó pọ̀ ń gbówó ju èyí tó rọrùn lọ, igi iwájú méjì tí wọ́n jọ ṣe ń gbówó ju ọ̀kan lọ, fánísì àtijọ́ tó ti sán ń gbówó ju tuntun tó ń kọ mọ̀nà lọ, ìwé sì ń gbé gbogbo rẹ̀ ga. Ìtàn tí kò tíì pòórá ni wọ́n ń rà. Bí ẹnìkan bá ní ọ̀pá tí wọn kò fi gbá bọ́ọ̀lù mọ́ kì í ṣe ọ̀pá mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Balabushka kò ṣe é fún àpótí.

Ìgbà kan wà tí iyì kọ iye. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n sì gbé e lọ sí àfihàn Wembley ní 1924, ọba kò tà á fún owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ìlẹ̀kùn náà sì wà ní British Museum títí di òní. Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, bí wọ́n ṣe ń mọ Balabushka. Bóyá pàṣípààrọ̀ yẹn dọ́gba, ìyẹn kì í ṣe ohun tí ìṣirò lè sọ.

Ní ti ọjà lásán, àwọn onísìn ti sọ ohun tó yẹ nípa ẹni tó ń tà. Thomas Aquinas, ní ọ̀rúndún kẹtàlá, kọ pé ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ sọ àbùkù tó fara pamọ́. Èyí tí ojú lè rí kò di dandan. Hádíìsì sọ bí Ànábì Muhammad ṣe ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ lọ́jà, tó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù nígbà tí òkè gbẹ, tó sì béèrè ìdí tí wọn kò fi gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i. Okùn ọ̀gbọ̀ tuntun, igi iwájú àlejò, fánísì tí wọ́n fá, ìsàlẹ̀ òkìtì ni gbogbo wọn. Ọ̀pá tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì sọ ọ́, ó ní iye tirẹ̀, ó kàn kéré ni. Ọ̀pá kan náà tí wọ́n tún ṣe tí wọn kò sọ, ayédèrú ni ó dà láìjẹ́ pé ohun kan yí padà lára igi rẹ̀.

Àbùkù kan tún wà tí ayé ìgbà Balabushka kò kà sí àbùkù. Eyín erin ni àwọn oníṣẹ́ ọ̀pá fi ṣe òrùka ẹnu àti ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní 1989 láti fòpin sí òwò eyín erin láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì ká títà rẹ̀ lọ́wọ́ kò ní 2016. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ohun tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àti fún ohun tí eyín erin inú rẹ̀ kéré, lábẹ́ àdéhùn tó le. Ọ̀pá 1959 kò ní pé ọgọ́rùn-ún ọdún títí di 2059. Nítorí náà àwọn onílé ọ̀pá kan ń yọ eyín erin, wọ́n ń fi rọ́bà líle sí i, kí ọ̀pá lè rìn. Ikú erin náà wà lára ìtàn ọ̀pá yẹn bí ọwọ́ Balabushka ṣe wà níbẹ̀; yíyọ eyín kò pa á rẹ́, ó kàn mú un kúrò lójú.

Ohun tí atúnṣe tó mọ ẹ̀tọ́ ń ṣe kò gba èdè púpọ̀. Okùn ọ̀gbọ̀ tó tú, ó ká a jọ. Òrùka tó là, ó fi í pamọ́. Yóò dì wọ́n sínú àpò kékeré kan, yóò kọ déètì sí i, orúkọ ara rẹ̀, ohun tí ó yọ àti ohun tí ó fi rọ́pò rẹ̀, yóò sì fi àpò náà sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, níbi tí ẹni tó bá rà á lọ́dún mẹ́wàá sí i yóò ti bá a.